Orí Kẹrin: Ìrora Tó Ju Agbára Panadol Lọ

Ìlúpéjú kò jìnnà sí ìrora, kò sì jìnnà sí oògùn. Ẹ jáde sí òpópónà Ìkòròdú, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé Ìgbóbì, níbi tí ọsibítù àwọn tó kán léegun wà láti 1945. Ẹ gba inú Mushin já sí Ìdí-Àràbà, ẹ ó bá ọsibítù LUTH àti ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí sínú ọgbà rẹ̀ ní 2019. Ẹ kọjú sí Òṣòdì, ibẹ̀ ni ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń kó oògùn sí wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni morphine gbogbo Nàìjíríà ń sọ̀ sí, ọsibítù tó bá sì nílò rẹ̀ ní láti wá gbà á níbẹ̀, ìbáà jẹ́ Sókótó ló ti ń bọ̀. Industrial Avenue ní Ìlúpéjú gan-an ni GSK, tó ń ta Panadol fún wa nígbà náà, fi ṣe olú iléeṣẹ́, kó tó di pé wọ́n kéde ní oṣù Kẹjọ 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà.

Síbẹ̀, ní àyíká yìí kan náà, ìyá àgbà tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun rẹ̀ lè sunkún mọ́jú láìrí ẹ̀kán morphine kan tọ́ lá, kí ọmọkùnrin tó ń gbẹ́rù ní gáréèjì sì fi owó oúnjẹ ra tramadol tí agbára rẹ̀ ju èyí tí dókítà kankan yóò kọ fún un. Ọmọ ìyá kan náà ni oògùn méjèèjì. Èyí tó yẹ kó wà lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn ló wọ́n, èyí tó yẹ kó wà lábẹ́ ìṣọ́ ló kún ìta. Ohun kan ni mo rí tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: kò sẹ́ni tó jókòó ka bébà pélébé tí wọ́n ká sínú páálí oògùn wọ̀nyí fún wa. Ẹ jẹ́ ká kà á nínú orí yìí.

Ibi tí agbára Panadol dé ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Hóró kan jẹ́ 500 mílígíráàmù paracetamol. Àgbàlagbà lè lo méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Tí ìrora kò bá gbọ́, àṣà wa ni láti fi méjì lé méjì, tàbí ká fi ti iléeṣẹ́ mìíràn lé e láìmọ̀ pé paracetamol kan náà ni. Ìrora kò ní torí bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àtẹ̀gùn ìpele mẹ́ta kalẹ̀ fún ìrora jẹjẹrẹ. Paracetamol àti àwọn bí ibuprofen wà nísàlẹ̀, codeine àti tramadol wà láàárín, morphine wà lókè. Wọ́n ní ká gba ẹnu lo oògùn níwọ̀n ìgbà tí aláìsàn bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ká sì máa lò ó bí wákàtí rẹ̀ bá ti tó, láìdúró de ìrora kó kọ́kọ́ jí.

Oje èso òdòdó tí òyìnbó ń pè ní poppy ni orísun morphine. Friedrich Sertürner, ọ̀dọ́mọkùnrin apoògùn kan ní Paderborn ní Jámánì, ló yọ ògidì rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1817, ó sọ bí òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ṣe dán an wò lára ara wọn, tí wọ́n sì lò ó kọjá ààlà débi pé ọtí kíkan ló fi mú kí wọ́n bì í. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ oògùn yìí ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n.

Ó lé ní ọdún 150 kí àwọn onímọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe nínú ara. Ní 1973, Candace Pert àti Solomon Snyder ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ibùdó kan wà lára iṣan ọpọlọ tí oògùn yìí máa ń gúnlẹ̀ sí. Ní 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen, ní Scotland, rí ìdí tí ibùdó náà fi wà: ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe irú èròjà yìí, díẹ̀díẹ̀, láti fi pẹ̀tù sí ìrora. Àwọn ibùdó náà pọ̀ nínú ọpọlọ àti nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí oògùn bá gúnlẹ̀ síbẹ̀, ìròyìn ìrora tó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ tó kán kò ní lè kọjá bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú ìfun náà, ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ fi ń gbẹ mọ́ ẹni tó ń lò ó nínú. Wọ́n sì wà ní ìdí ọpọlọ, níbi tó ń pàṣẹ fún èémí. Bí oògùn bá pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tó sùn kò ní mí mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ìkìlọ̀ inú bébà náà, ọ̀dọ̀ ibi mẹ́ta yìí ni wọ́n ti wá.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣí páálí tramadol. Iléeṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló ṣe é, ó sì dé ọjà ní 1977. Ìrora ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ, ti egungun tó kán, ti jẹjẹrẹ tí kò tíì dé ìpele kẹta, ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Àgbàlagbà ń lo 50 sí 100 mílígíráàmù, kí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà máa wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. 400 ni òpin láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ti lé ní ọdún 75 kò gbọdọ̀ kọjá 300. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an yóò fi wákàtí 12 sáàárín, kò sì ní kọjá 200, torí pé kíndìnrín ló ń kó àṣẹ́kù rẹ̀ dànù, bí kò bá sì kó o, á máa gún jọ. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn nílẹ̀ wa, kò fọwọ́ sí hóró tàbí kápúsù tó bá ju 100 lọ.

Èyí tó wà níta ńkọ́? 200, 225, 250. Ẹni tó bá gbé 225 méjì mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti lo ju òpin odindi ọjọ́ kan lọ, láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun kan wà lára tramadol tí kò sí lára morphine. Yàtọ̀ sí àwọn ibùdó tí mo sọ, ó tún ń mú kí serotonin àti noradrenaline, èròjà méjì tí iṣan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tí dókítà ti fún ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò gbọdọ̀ fi tramadol lé e láìsọ fún dókítà yẹn. Ó sì ń fa gìrì, pàápàá bí ó bá ti pọ̀ lára. Ẹni tó ní wárápá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. A ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣubú lulẹ̀ lójú títì, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, tí àwọn èèyàn yí wọn ká tí wọ́n ń pariwo orúkọ Jésù tàbí tí wọ́n ń fi ṣíbí la ẹnu wọn. Kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́. Ó wà nínú bébà. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ kó òkúta àti irin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wá ọkọ̀.

Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ tramadol di ohun tó lágbára jù. Nínú ara àwọn kan, ẹ̀dọ̀ ń yára ṣe iṣẹ́ yìí débi pé ìwọ̀n tí bébà fọwọ́ sí lè pọ̀ jù fún wọn, kò sì sí bí a ṣe lè fi ojú lásán mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni ewu yìí kàn jù. Ní 2017, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní tramadol tàbí codeine fún ìrora rárá, wọ́n sì kìlọ̀ fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú pé kó má lò ó. Ẹ wo iye ìgbà tí a ti fi ṣíbí bu omi ikọ́ àgbà tó ní codeine nínú sẹ́nu ọmọ nínú ilé.

Irú kan wà tí wọ́n ṣe kó máa tú díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 12 tàbí 24. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá fọ́ ọ, ti ọjọ́ kan yóò tú sára lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkìlọ̀ nípa ọtí ni ẹ má ṣe fojú kékeré wò rárá. Ọtí, Valium, refnol, gbogbo ohun tó ń mú oorun wá, ibi tí morphine àti tramadol ti ń dín èémí kù náà ni àwọn náà ti ń dín in kù. Ẹni tó lo tramadol tó sì mu paraga lé e lórí kò ṣe àṣìṣe méjì tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ń sọ èkejì di púpọ̀. Òru ni ewu náà sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni náà á máa hanrun gan-an, àwọn ará ilé á ní ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn. Hínhanrun lọ́nà tó ṣàjèjì nínú ẹni tó lo oògùn yìí jẹ́ àmì ewu. Ẹ jí i. Bí kò bá jí, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, bí ọmọlójú rẹ̀ bá sún kì bí orí abẹ́rẹ́, ẹ pe 112 tàbí 767 ní Èkó, kí ẹ sì máa gbé e lọ. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má rọ mílíìkì, ẹ má da omi tútù lé e lórí kẹ́ ẹ máa dúró wò. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun wà láyé kò lè gbé nǹkan mì. Ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn ń lọ. Oògùn tó ń tú u ń jẹ́ naloxone. Ó máa ń yára ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láàárín ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan ààbọ̀, agbára rẹ̀ ti ń tán, èyí tó gbé mì sì lè wà nínú ara síbẹ̀. Nítorí náà, bó bá là á lójú tó ní òun fẹ́ relé, ẹ má gbé e relé.

Ìgbà kan wà tí a kì í rí bébà kankan rárá. Ìyẹn ni ìgbà tí èèyàn bá dé kẹ́míìsì ní ìrọ̀lẹ́ tó ní, “Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ara ń ro mí, ẹ bá mi da oògùn pọ̀.” Àǹtí á já hóró funfun, hóró pupa, kápúsù aláwọ̀ méjì, á kó wọn sínú ọ̀rá kékeré. Ẹni tó rà á kò mọ orúkọ ọ̀kankan. Bí gìrì bá mú u lóru, kí ni àwọn ará ilé fẹ́ sọ fún dókítà? Mo bẹ yín, ẹ máa béèrè orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Èmi kò sí lára àwọn tó ń pe awakọ̀ àti alágbàru tó ń lo tramadol ní ọmọ burúkú. Ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tó wa danfo láti Mushin dé Òṣòdì títí di alẹ́, ìrora ń bẹ lára rẹ̀ ní tòótọ́, àárẹ̀ náà sì ń bẹ. Nínú ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ àti àjọ UNODC ṣe ní 2018, àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 tí wọ́n lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan tó mílíọ̀nù 14.3 ní Nàìjíríà. Mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn ló lo ìdílé morphine, tramadol àti codeine ló sì pọ̀ jù. Ní Èkó, ẹni kan nínú mẹ́ta ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò lọ́dún náà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ burúkú mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ kò gbọdọ̀ kàn dá a dúró lójijì nínú yàrá, torí pé ara á máa ro ó, á máa làágùn, inú á máa yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì ní rí oorun sùn, ọ̀pọ̀ á sì padà sídìí rẹ̀. Ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ ti Yaba, tó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì tó ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún.

Ìjọba ti gbìyànjú láti fi òfin dí ọ̀nà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2018, lẹ́yìn tí BBC gbé fíìmù kan jáde lórí àṣìlò codeine, mínísítà ètò ìlera fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oní-codeine wọlé. Ní oṣù Kejì 2025, India náà fòfin de kíkó àdàlù oògùn méjì, tapentadol àti carisoprodol, jáde, torí BBC tún ti fi hàn pé ó ń ṣàn wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú páálí tó jọ ti oògùn gidi. Òfin dára. Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe ń le sí i ni àwọn apoògùn tí kò ṣẹ̀ ń bẹ̀rù láti tọ́jú morphine sínú ilé wọn, tí dókítà ń bẹ̀rù láti kọ ọ́. Aláìsàn tó wà lórí ẹní ló ń san gbèsè náà.

Ní 2017, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ ṣírò rẹ̀. Nínú tọ́ọ̀nù 298.5 oògùn ìdílé morphine tó ń lọ káàkiri ayé lọ́dún, tọ́ọ̀nù 0.1 péré ló ń dé àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù. Èyí tó kan aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó nílò rẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà kò tó mílígíráàmù kan lọ́dún. Ẹ ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ morphine àgbémì ń lo 2.5 sí 5 mílígíráàmù ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Èyí tó kàn wá fún odindi ọdún kò tó ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí rẹ̀, torí pé oògùn àtijọ́ ni, kò sí iléeṣẹ́ kankan tó ni ín, ìyẹ̀fun rẹ̀ kò sì wọ́n. Àdéhùn àgbáyé ti 1961 tó de àwọn oògùn wọ̀nyí mọ́lẹ̀ náà ló sọ pé wọn kò ṣeé máà ní fún ìrora, àti pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan rí i pé ó tó fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ àdéhùn náà nìkan ni a ń mú ṣẹ.

Ó sì ṣeé ṣe. Ní Uganda, láti 1993 tí Anne Merriman, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà rí, ti dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀, wọ́n ń po ìyẹ̀fun morphine mọ́ omi àti èròjà tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́, wọ́n ń fi àwọ̀ sí i kí èyí tó le má bàa dàrú mọ́ èyí tí kò le, wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú ike. Láti 2004 ni òfin ibẹ̀ ti gbà kí nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lè kọ ọ́ fún aláìsàn. Nílé wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwó, onímọ̀ oògùn akunilóorun tó ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù UCH Ìbàdàn, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ yìí, òun ló sì dá Centre for Palliative Care Nigeria sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn apoògùn ọsibítù ńlá wa mọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun náà.

Ẹ̀rù tiwa nínú ilé tún wà níbẹ̀. “Ṣé ó ti dé orí morphine? Á jẹ́ pé ó ti parí nìyẹn.” Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ ìkẹyìn nìkan ni a sábà ń rí i. Bí dókítà bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kékeré tó sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìrora fi rọlẹ̀, aláìsàn á jẹun, á sùn, á bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ara lè mọ́ ọn kó sì máa fẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ara lè gbára lé e, débi pé wọn kò gbọdọ̀ já a gbà lójijì. Méjèèjì yìí kì í ṣe bárakú. Bárakú ni kí èèyàn máa lé e kiri, kó máa ba ayé ara rẹ̀ jẹ́ nítorí rẹ̀.

Àwọn tó ní àìsàn SS ló ń jìyà àìmọ ìyàtọ̀ yìí jù. Ilé àjọ Sickle Cell Foundation tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí LUTH. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bá dí ọ̀nà nínú egungun wọn, ìrora náà lè ju ti ìrọbí lọ. Bí ọ̀dọ́ náà bá dárúkọ abẹ́rẹ́ tó máa ń gbọ́ tirẹ̀, wọ́n á ní ó ti mọ orúkọ rẹ̀ jù, ó ti di bárakú. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò fi ní mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé láti kékeré ni wọ́n ti ń gún un? Pentazocine, tí wọ́n sábà ń gún fún wọn níhìn-ín, ní àjà tí agbára rẹ̀ kì í kọjá. Bí wọ́n bá ń gún un sójú kan léraléra, ẹran ibẹ̀ á gan, á sì dégbò. Bí wọ́n bá sì fún ẹni tó ń lo morphine déédéé ní pentazocine, ó lè lé morphine kúrò ní ibùdó rẹ̀, kí ara onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Bí wọ́n bá fún èèyàn yín ní morphine olómi relé, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ibi tí oògùn gbọ́dọ̀ dé gan-an hàn yín lára síríńjì aláìlábẹ́rẹ́. Ẹ béèrè oògùn tí yóò máa rọ ìgbẹ́ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Èébì àti òòyì máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìgbẹ́ gbígbẹ kì í lọ. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ fún un sílẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ọmọ mẹ́ta ló ń gba ara wọn sílẹ̀ níbi ìtọ́jú náà, kí ẹnì kan má bàa fún un lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fún un tán. Dókítà lè ní kí ẹ fún un ní ìlọ́po méjì nígbà tó bá fẹ́ sùn, kí ẹ má baà jí i lóru. Òun ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí kíndìnrín rẹ̀ kò bá dára, ẹ sọ ọ́ kó tó kọ oògùn náà. Ìwọ̀n tí bàbá ń lò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lè pa ìyá tí kò lò ó rí, nítorí náà ẹ má torí pé orúnkún ń ro ìyá kí ẹ bu fún un. Inú àpótí tó ní àgádágodo ni kó máa wà. Nígbà tí aláìsàn kò bá nílò rẹ̀ mọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ sórí àjà, ẹ má sì fún aládùúgbò. Ẹ gbé èyí tó kù padà fún apoògùn ọsibítù tó fún yín, kó wọ̀n ọ́, kó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé níṣojú yín.